Ohun Kíkan Tí A Fi Ń Ṣe Àlejò, àti Eyín Ẹnu Ọmọ Wa

Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù Ràmàdáánì, tí ènìyàn gba ọ̀nà Ìwó wọ Ilé-Ogbó, yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé kúlà sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí sóbò pupa kún inú ìgò oníke, tí mínírà aláwọ̀ oríṣiríṣi sì wà nínú yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Olúkúlùkù ń rà á lọ sílé de ìgbà tí ládánì yóò pe ìrun Mọ̀gàríbì. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, kò dìgbà tí ẹ bá dé Ilé-Ogbó kí ẹ tó mọ ohun tí mo ń sọ, nítorí bí ó ti rí níbẹ̀ ni ó rí ní Ìwó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní ìlú tiyín.

Kò yani lẹ́nu. Àwa Mùsùlùmí kì í gbé ọtí líle ka iwájú àlejò. Níbi ìsọmọlórúkọ, níbi yìgì, níbi wòlímọ̀ ọmọ tó parí Kùránì, ní ọjọ́ ọdún Iléyá, ohun tí a fi ń ṣe àlejò ni mínírà tútù tàbí sóbò. Ìyàwó ilé tí kò bá sì rí i gbé kalẹ̀, ojú a tì í. Ohun ìyẹ́sí ni. N kò wá sọ fún yín pé kí ẹ dà á nù. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ wò ni iṣẹ́ tí àwọn ohun mímu wọ̀nyí ń ṣe lára eyín, pàápàá eyín ọmọdé, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ìdajì rẹ̀ ni wọ́n mọ̀.

Ìdajì tí gbogbo wa mọ̀ ni ti ṣúgà. Àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tí ojú kò lè rí ń gbé inú ẹnu, wọ́n a máa jẹ nínú ṣúgà tí a bá jẹ, ohun tí wọ́n sì ń yà sílẹ̀ ni ásíìdì, ìyẹn omi kíkan tó ń gbẹ́ ihò sínú eyín títí akokoro yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń lé ọmọ kúrò nídìí súìtì. Ìdajì kejì ni pé ohun mímu tó bá kan kò dúró de kòkòrò kankan. Òun fúnra rẹ̀ ni ásíìdì. Bí a kò tilẹ̀ fi hóró ṣúgà kan ṣoṣo sí i, ojú eyín tó bá ti ṣàn gbà ni yóò máa jẹ.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi wo èyí, ṣùgbọ́n wọ́n ti ní orúkọ fún un. Bí ènìyàn bá jẹ ọsàn tí kò pọ́n, tàbí tí ó jókòó ti àgbálùmọ̀ méje mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, a ní eyín ń kan án. Ọsàn kan, eyín náà sì kan: ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi pe méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí eyín jẹ́ ná. Ohun funfun tí a ń rí nígbà tí ọmọ bá rẹ́rìn-ín kì í ṣe inú eyín, èèpo rẹ̀ ni. Èèpo yìí le ju eegun lọ. Kò sí ohun tó le tó o nínú gbogbo ara ènìyàn. Bí a bá pín in sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 96 nínú rẹ̀ ni èròjà líle bí òkúta, tí calcium àti phosphate kó jọ. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí iṣan, ìdí nìyí tí kò fi ń dun ènìyàn nígbà tó bá ń tán lọ. Abẹ́ rẹ̀ ni ara eyín wà, tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tó rọ̀ ju èèpo lọ, tó sì ní àwọn ihò tóóró tó lọ bá ibi tí eyín ti ń mọ ìrora. Bí èèpo bá ti fẹ́lẹ́, omi tútù, ọbẹ̀ gbígbóná, àní atẹ́gùn lásán, yóò máa gba ibẹ̀ wọlé bá ènìyàn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí. Bí apá ọmọ bá kán, eegun yóò so. Bí èékánná bá ya, òmíràn yóò hù. Ṣùgbọ́n àwọn ohun inú ara tó mọ èèpo eyín ti parí iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ti kú, kí eyín tó yọ jáde nínú èrìgì. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín ọ̀rìn àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, èèpo tó bá yọ pẹ̀lú rẹ̀ náà ni yóò fi jẹun títí yóò fi di ìyá àgbà. Èyí tó bá ti bó lọ ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti fọ idẹ rí mọ iṣẹ́ ọsàn wẹ́wẹ́. A gé e sí méjì, a fi ra ara idẹ tó ti dúdú, a fi eérú kún un, a fọ̀ ọ́, ó sì dán. Kì í ṣe pé ọsàn fi dídán kún idẹ. Ohun tó bo ojú idẹ, tó ti jẹ́ ara idẹ náà tẹ́lẹ̀, ni ó jẹ kúrò. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i, kí ó fi ẹyin adìyẹ kan sínú ife, kí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, kí ó sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yóò kọ́kọ́ rí i tí ó ń hó wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà yóò bá èèpo ẹyin tó ti fẹ́lẹ́, tó ti rọ̀. Kì í ṣe èròjà kan náà gan-an ló wà lára èèpo ẹyin àti èèpo eyín, ti eyín sì le jù ú lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n ọ̀tá kan náà ni àwọn méjèèjì ní. Ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó; yóò wọ̀ wọ́n lọ́kàn ju ìbáwí ọjọ́ mẹ́wàá lọ.

Àwọn onímọ̀ ní ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ti kan tó. pH ni wọ́n ń pè é, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 14. Omi tó mọ́ wà ní 7, láàrin gbùngbùn. Bí nọ́ńbà bá ti ń wálẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i, ìlọ́po mẹ́wàá sì ni nọ́ńbà kan fi ń ju èkejì lọ: ohun tó wà ní 3 kan ní ìlọ́po 10 ju ohun tó wà ní 4 lọ, ó sì kan ní ìlọ́po 100 ju èyí tó wà ní 5 lọ. Bí inú ẹnu bá ti wálẹ̀ kọjá nǹkan bí 5.5, èèpo eyín bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ nìyẹn. Wàrà màlúù wà ní nǹkan bí 6.7, kò lè ṣe eyín ní ibi. Omi ọsàn sábà máa ń wà láàrin 3 àti 4. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà láàrin 2 àti 2.5. Mínírà dúdú tí a ń pè ní kóla wà ní nǹkan bí 2.5, èyí ni pé ó kan ní ìlọ́po 1,000 ju ibi tí èèpo eyín ti ń bẹ̀rẹ̀ sí yọ́.

Sóbò tiwa ńkọ́? Iṣápá pupa tí a fi ń sè é ti kan láti oko wá. Ó sábà máa ń wà ní àyíká 3, tàbí kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹnikẹ́ni tó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Ẹni tó bá ń sá fún mínírà nítorí eyín, tó wá ń mu sóbò láti àárọ̀ dalẹ́ nítorí pé òun kò fi ṣúgà sí i, ìdajì ewu ni ó sá fún. Sóbò dára fún ohun púpọ̀, n kò bá a jà. Ti eyín ni mo ń sọ.

Ṣúgà ni kì í jẹ́ kí a mọ bí nǹkan wọ̀nyí ti kan tó. Ẹ tọ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́ wò láìfi nǹkan kan sí i, ojú yín yóò fún pọ̀. Ẹ fi ṣíbí ṣúgà mẹ́rin sí i, ó di ohun tí ọmọdé ń jà sí, bẹ́ẹ̀ ìkan inú rẹ̀ kò dín rárá. Ní 1950, Clive McCay, olùkọ́ nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, tó ti ṣe ìwádìí fún àwọn ọmọ ogun ojú omi nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí níwájú ìgbìmọ̀ àwọn aṣòfin ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní kóla kan tó fínígà, pé adùn ló bo ìkan náà mọ́lẹ̀, àti pé eyín tí a bá fi sínú rẹ̀ yóò rọ̀ láàrin ọjọ́ méjì.

Láti ìgbà náà ni ìtàn yìí ti ń ga sí i. Ẹ óò gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé pé bí a bá fi eyín sínú kóla sùn, ilẹ̀ yóò mọ́, a kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Irọ́ ni. Eyín kì í yọ́ bí iyọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnu kì í ṣe ife, kò sì sí ẹni tó ń há kóla sẹ́nu fún ọjọ́ méjì. N kò fẹ́ kí a fi àsọdùn dẹ́rù ba ọmọ, nítorí ọjọ́ tó bá dán an wò tí kò rí bẹ́ẹ̀, èyí tó jẹ́ òtítọ́ pàápàá kò ní wọ̀ ọ́ létí mọ́.

Ohun tó wà nínú ẹnu tí kò sí nínú ife ni itọ́. Ọlọ́hun kò dá a lásán. Itọ́ a máa ṣan ohun kíkan kúrò lójú eyín, a máa pa agbára rẹ̀, calcium tó wà nínú rẹ̀ a sì máa padà lọ sí ibi tí èèpo ti rọ̀, kí ó tún le. Ibi tó ti rọ̀ nìkan ni itọ́ lè tún ṣe o. Ibi tó ti bó, kò lè fi òmíràn síbẹ̀. Iṣẹ́ yìí a máa gbà á tó ààbọ̀ wákàtí sí wákàtí kan. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ewu tí ọmọ wà, kì í ṣe iye ìgò tó mu nìkan ni a óò bi í, bí kò ṣe iye ìgbà tí ó gbé e kan ẹnu.

Ẹ wo ọmọ méjì tí ìyá wọn ra mínírà kan náà fún. Àkọ́kọ́ mu tirẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán, ó tán, ó fi omi tẹ̀ lé e. Fún wákàtí kan ni eyín rẹ̀ fi wà nínú ìyọnu, itọ́ sì tún un ṣe. Èkejì gbé tirẹ̀ lọ sí iléèwé. Ó mu ẹnu kan ní aago mẹ́jọ, ó dé e. Ó tún mu ẹnu kan ní aago mẹ́sàn-án, ó dé e. Bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi jáde. Gbogbo ìgbà tí itọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ó tún ń da ásíìdì lé e. Ìgò kan ni àwọn méjèèjì mu, ṣùgbọ́n eyín èkejì ti lo gbogbo òwúrọ̀ nínú ohun kíkan. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Níhìn-ín ni mo rò pé àwọn ìyá àtijọ́ ní àǹfààní kan tí àwa kò ní. Ní 1951 ni wọ́n dá Nigerian Bottling Company sílẹ̀, ní 1953 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Ní ọjọ́ òmìnira gan-an, 1 October 1960, ni ìgò 7Up àkọ́kọ́ jáde ní ilẹ̀ wa. Láyé ìgbà náà, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀, inú ìgò tí a ń dá padà ni mínírà ń wà. Ẹni tó bá rà á yóò dúró lẹ́nu ìsọ̀, yóò mu ún tán, yóò dá ìgò padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó fi owó ìgò sílẹ̀. Kò pẹ́, ó ti parí. Ọjọ́ ọdún sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń rí i. Lónìí ìgò oníke ti gbòde, ó ní ìdérí tí a ń yí, ó sì ń bá ọmọ wọ inú báàgì ìwé. Bí ọwọ́ yín bá tó o, ẹ dá òfin ìgò àtijọ́ padà sínú ilé yín: ẹni tó bá ṣí i, kí ó mu ún tán nídìí oúnjẹ, kí ó má gbé e rìn.

Ìjọba náà ti fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ mínírà. Nínú òfin ìnáwó 2021 ni wọ́n ti fi owó-orí náírà 10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò tó ní ṣúgà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní 2022. Ti ṣúgà ni wọ́n rò. Ìkan kò sanwó-orí, sóbò ẹ̀bá ọ̀nà kò sì sí nínú rẹ̀, kò sì yẹ kó wà níbẹ̀. Nínú ilé ni a óò ti ṣe òfin tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ itọ́ yìí ló mú mi padà sí àwẹ̀. Ẹni tí kò fi omi kan ẹnu láti àfẹ̀mọ́jú títí di ìrọ̀lẹ́, itọ́ ẹnu rẹ̀ á dín kù, ahọ́n rẹ̀ á gbẹ. Wákàtí náà gan-an ni eyín kò ní aláàbò. Bí ó bá wá jẹ́ pé sóbò kíkan ni ohun àkọ́kọ́ tí a dà sórí rẹ̀, kò sí itọ́ tí yóò gbà á sílẹ̀. Ẹ wo bí sunna Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ṣe eyín lóore tó níhìn-ín: dàbínù ni ó fi ń ṣínu, bí kò bá sì sí dàbínù, omi díẹ̀. Jíjẹ dàbínù a máa pe itọ́ jáde. Òótọ́ ni pé ó ní ṣúgà, ó sì ń lẹ̀ mọ́ eyín, nítorí náà kí omi tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn tí a bá kírun, tí a jókòó ti oúnjẹ gidi, ìgbà náà ni kí sóbò wá, nígbà tí ẹnu ti tutù, tí itọ́ sì ń sun. Kò sí adùn kankan tó sọnù nínú èyí.

Ìgbà kejì tó léwu ni òru. Àwọn mìíràn a ti kírun àṣámù tán, wọ́n a gbé ìgò sóbò sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, wọ́n a máa jí mu ún títí di àkókò sààrì. Bí a bá sùn, itọ́ náà a máa sùn. Omi ni kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

Nǹkan kan wà tó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu bí wọ́n bá gbọ́ ọ. Ìyá tó mọ́tótó, bí ọmọ rẹ̀ bá ti mu mínírà tán, ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni pé kí ọmọ lọ fọ eyín lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe é. Lẹ́yìn ohun kíkan, ojú eyín dà bí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́. Ẹni tó bá fi ọwọ̀ gbá ilẹ̀ náà kí ó tó gbẹ, yóò gbá ohun tí a fi rẹ́ ẹ kúrò. Búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò tó ń ha eyín ní ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn ohun kíkan ń gbá èèpo tó ti rọ̀ lọ ni. Omi ni kí a fi ṣan ẹnu, kí a sì dúró tó ààbọ̀ wákàtí ó kéré tán, bí ó bá lè tó wákàtí kan, ó dára jù. Àwa tí a ń ṣe àlùwàlá kò lè sọ pé èyí le: ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń fi omi ṣan ẹnu kí a tó kírun, ohun tí oníṣègùn eyín fẹ́ gan-an nìyẹn.

Pákò kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àfáà pé bí kì í bá ṣe pé Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò fẹ́ ni wá lára, ì bá pa á láṣẹ kí a máa run orín nígbà gbogbo tí a bá fẹ́ kírun. Orín àtà wà nílẹ̀ wa, tó ń ta ahọ́n. Pákò Ìjẹ̀bú wà, tó korò. Nípa gbòǹgbò àtà yìí, ní 1971 ni Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ kọ ọ́ jáde pé omi rẹ̀ ń tún àwọn ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé ṣe nínú ìgò àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Kí a kàn máa lò ó kí a tó mu ohun kíkan, tàbí kí ó ti pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kí a jẹ ẹnu rẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí a má sì fi agbára ha á. Ti wákàtí tí aláwẹ̀ lè run orín, ẹ bi àfáà yín. Bí pákò bá sì ti wà nílé, kí ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride náà wà, nítorí fluoride a máa ran èèpo lọ́wọ́ láti le sí i, a sì máa jẹ́ kí ó lè dojú kọ ásíìdì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin aboyún, ẹ fara balẹ̀ ka ibi yìí. Bí oyún bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí inú ń rú, ọsàn wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń há sẹ́nu. Bí ó bá sì bọ́ sí ìgbà àgbálùmọ̀, ìyàwó a jókòó tì í láti òwúrọ̀. Òun nìkan ló ń mú ara dẹ̀, mo mọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èébì. Ohun tó ń ti inú ikùn bọ̀ kan ju ọsàn wẹ́wẹ́ pàápàá lọ, nítorí ásíìdì tí Ọlọ́hun fi síbẹ̀ láti máa lọ oúnjẹ ni. Obìnrin tó ń bì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ fún oṣù méjì mẹ́ta, tó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha eyín lẹ́yìn èébì kọ̀ọ̀kan nítorí pé ẹnu ń rùn, wàhálà ọ̀nà méjì ni ó ń kó bá eyín rẹ̀. Kí ó fi omi púpọ̀ ṣan ẹnu, kí ó tu ú dànù, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Bí òórùn bá ń dà á láàmú, kí ó fi ọṣẹ ìfọyín díẹ̀ sí ìka, kí ó fi kan ahọ́n. Búrọ́ọ̀ṣì lè dúró.

Àwọn àgbà obìnrin a máa sọ pé ọmọ kan, eyín kan, pé ọmọ inú ní ń fa agbára eyín ìyá rẹ̀ mu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ inú kì í fa calcium nínú eyín. Inú oúnjẹ tí ìyá ń jẹ àti inú eegun rẹ̀ ni ó ti ń rí i. Bí eyín bá bàjẹ́ nígbà oyún, èébì, ohun kíkan tí a ń há sẹ́nu, ṣúgà tí ọkàn ń fà sí àti èrìgì tó ń wú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ni a óò bi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí obìnrin tó bá gbà pé ọmọ ló mú eyín òun lọ kò ní wá ìtọ́jú. Yóò rò pé bí Ọlọ́hun ti kọ ọ́ nìyẹn.

Ti ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Àgbo tí a fi omi orí ògì rẹ ní ìkan tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà gbogbo ni a ń fún ọmọ mu, n kò sì ní fi í ṣe ẹjọ́. Èyí tó bà mí lẹ́rù ni ìgò onírọ́bà tí a da omi ọsàn tàbí mínírà sí, tí ọmọ ń fà títí oorun yóò fi gbé e lọ, tí ẹnu ìgò sì wà lẹ́nu rẹ̀. Èèpo eyín àkọ́hù fẹ́lẹ́ ju ti eyín àgbà lọ. Mẹ́rin iwájú òkè ni ó ń kọ́kọ́ lọ, wọ́n a di kúkúrú, wọ́n a di rúsúrúsú, wọ́n a wá máa rún. Bí ọmọ bá fẹ́ nǹkan lẹ́nu kí ó tó sùn, omi tàbí ọmú ìyá rẹ̀ ni.

Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ti àwọn ọmọge. Bí ọjọ́ yìgì bá ń sún mọ́lé, wọ́n a máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ ra eyín kí ó lè funfun. Fún ọjọ́ díẹ̀, ó lè dà bí ẹni pé ó ṣe é. Ṣùgbọ́n èèpo funfun ni ọsàn ń jẹ, ohun tó sì wà lábẹ́ èèpo, bí mo ti sọ, pọ́n rúsúrúsú. Bí ó bá ti ń fẹ́lẹ́ ni rúsúrúsú yẹn ń hàn síta. Ẹni tó ń wá eyín funfun ní ọ̀nà yìí ń ná funfun tó ní ni.

Kí ni a lè gbé kalẹ̀ fún àlejò pẹ̀lú sóbò, kí ìyẹ́sí má bàjẹ́, kí eyín má sì bàjẹ́? Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri wà lágbègbè wa, yálà a dín in tàbí a sè é. Èròjà tí eyín ń fẹ́ ni ó kún inú rẹ̀, bí a bá sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ohun kíkan, a máa bá itọ́ ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀pà náà dára, nítorí jíjẹ ẹ́ ń mú itọ́ wá. Ẹ gbé omi tútù sí ẹ̀gbẹ́ gbogbo mínírà tí ẹ bá gbé ka iwájú ènìyàn. Ẹ fi ohun tí a fi ń fa mínírà mu fún àwọn ọmọ, kí ó lè kọjá sẹ́yìn láìdúró lójú eyín iwájú. Ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má máa há a sẹ́nu kí wọ́n máa fi ṣeré kí wọ́n tó gbé e mì. Ọmọkùnrin ló ń ṣe èyí jù.

Bí iṣẹ́ ibi náà bá ti bẹ̀rẹ̀, àmì rẹ̀ kì í pariwo. Ètí eyín iwájú a máa fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ yóò fi máa hàn gba inú rẹ̀ bí awò. Orí eyín ọ̀rìn a máa jìn kọ́tọ́ bí ẹni pé a fi ìka tẹ̀ ẹ́. Eyín tí a ti dí ihò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ohun tí a fi dí i a máa ga ju eyín fúnra rẹ̀ lọ, nítorí ara eyín ti jẹ sílẹ̀ yí i ká. Omi tútù a wá máa ta ènìyàn. Àwọn ènìyàn wa a máa fara dà á títí di ìgbà tí yóò di yíyọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2022 pé nǹkan bíi bílíọ̀nù 3.5 ènìyàn ni àìsàn ẹnu ń bá jà láyé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn sì wà ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò fi bẹ́ẹ̀ sí.

Láti Ilé-Ogbó, Ìbàdàn kò jìnnà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá UCH, tí a ṣí ní 1957, ti ní àwọn oníṣègùn eyín. Ilé ìwòsàn yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀ náà ní tirẹ̀. Wọ́n lè fi fluoride kun ojú eyín, wọ́n lè fi nǹkan bo ibi tó ti jìn, kò dìgbà tí wọ́n bá yọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín ní ohun tí ẹ ń mu. Ẹ ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, mínírà, sóbò, ọsàn wẹ́wẹ́ àti àgbálùmọ̀, èébì oyún bí ó bá wà, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ ń mu ún àti bí ó ti ń pẹ́ tó kí ìgò kan tó tán.